Ẹ gbà mí nímọ̀ràn lórí omi tánkì ẹja àrọ̀ mi

Òkun o, ẹ̀yin ará wa tó ń sin ẹja. Kàbà ni mo wà, tánkì oníbúlọ́ọ̀kù ni mo fi ń sin ẹja àrọ̀. Lásìkò òjò, kò sí wàhálà, ṣùgbọ́n lọ́gbẹlẹ̀ yìí omi táńkà ti wọ́n, n kò lè máa pààrọ̀ rẹ̀ bó ṣe wù mí.

Láàárọ̀, ìfófòó tó nípọn máa ń bo ojú omi, òórùn rẹ̀ a sì máa ta síni nímú. Àwọn ẹja ń naró, wọn kì í jẹ oúnjẹ tán mọ́. Lóòótọ́, ẹja àrọ̀ lè mí atẹ́gùn ìta, àmọ́ ìyẹn ò gbà á lọ́wọ́ amóníà, oró tó ń ti ara ìgbẹ́ ẹja àti oúnjẹ tó ṣẹ́kù wá, bẹ́ẹ̀ bí omi bá ṣe ń gbóná sí i ni oró amóníà ń pọ̀ sí i.

Mo ti dín oúnjẹ kù. Mo wá fẹ́ kó fóòmù kún inú dúrọ́ọ̀mù kan, kí pọ́ńpù máa gba omi kọjá níbẹ̀, kí bakitéríà tó ń sọ amóníà di náítréètì, tí kò fi bẹ́ẹ̀ léwu fún ẹja, lè rí ibi fara mọ́. Ta ló ti ṣe irú rẹ̀ ní Mọpà, Ìsánlú tàbí Ẹ̀gbẹ̀? Ṣé fóòmù àwọn tó ń ṣe àga dára, àbí kẹ́míkà inú rẹ̀ á pa ẹja? Bí iná bá lọ mọ́jú ńkọ́, ṣé bakitéríà náà ò ní kú? Omi tánkì fúnra rẹ̀ ni mo mọ̀ pé wọ́n fi ń fọ fóòmù náà, kì í ṣe omi oníkílórínì, àmọ́ ẹ̀ẹ̀melòó lóṣù? Ẹ dákun, ẹ tètè dá mi lóhùn, ẹja wọ̀nyí ti ń tóbi.