Ọmọ tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́ nílé, tí kì í là á níléèwé

Ìyá Ìbejì, Manchester: Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ará. Àwọn ìbejì mi pé ọdún 4, wọ́n wọ Reception, kíláàsì àkọ́kọ́ níléèwé níbí, ní oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà. Kẹ́hìndé kì í la ẹnu níléèwé rárá, Táíwò ló ń bá a dáhùn. Tíṣà ní bóyá Yorùbá tí à ń sọ nílé ló fà á. Ṣé kí n pa á tì ni?

Ọmọ Lísàbi, Abẹ́òkúta: Ẹ má dán an wò o, ẹ̀gbọ́n mi. Yorùbá kọ́ ló dí i lẹ́nu. Ọmọ tí èdè tuntun ṣẹ̀ṣẹ̀ yí ká lè dákẹ́ fún oṣù mélòó kan, kó máa fetí kó o jọ.

Ojú mi rí tèmi. Nígbà tí a kó ti London wálé, ọmọ mi ọkùnrin wọ Pírámárì 1 níbí, l'Aké. Odidi ọ̀sẹ̀ 6, kò sẹ́ni tó gbọ́ ohùn rẹ̀. Lọ́jọ́ kan mo lọ mú un, mo bá a tó fi báàgì bo iwájú ṣòkòtò. Ó ti tọ̀ sára, kò lè sọ pé ìtọ̀ ń gbọ̀n òun. Lọ́jọ́ kejì, èmi àti tíṣà fi àdéhùn sí i: tó bá ti fọwọ́ kan etí, kó máa lọ, kí wọ́n má bi í léèrè. Ìyẹn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ṣe.

Ìgbà náà la gbé ọpọ́n ayò lọ. Ní aago 7 àárọ̀, kí àwọn ọmọ yòókù tó dé, èmi àti ẹ̀ á jókòó ní kíláàsì, à ń ka ọmọ ayò, 4 sínú ihò kọ̀ọ̀kan, títí tó fi pé 48. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, tíṣà ń gbálẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, kò wojú wa. Nígbà tó yá, ó wá jókòó nítòsí, ó kẹ́yìn sí wa, ó ń to ìwé. Ohùn ọmọ mi lọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò dákẹ́. Lọ́jọ́ kẹjọ, tíṣà ló ń kà á, ó fò láti 31 bọ́ sí 33. Mi ò mọ̀ bóyá ó mọ̀ọ́mọ̀ ni. Ọmọ mi ní, "Rárá, 32 ló kàn." Mo jáde síta, mo sunkún. Lẹ́yìn ìyẹn la mú ọmọ kíláàsì rẹ̀ kan mọ́ ọn, lẹ́yìn náà méjì.

Tó bá sọ̀rọ̀, ẹ má pariwo pé ó ti sọ̀rọ̀. Ẹ má sì sọ pé "Kí àǹtí, ṣé o yadi ni?" lójú èèyàn. Ìyá mi bínú pé ọmọ náà kì í kí àgbà. Mo ní kó máa dọ̀bálẹ̀ láìsọ nǹkan kan, ṣebí ìkíni náà nìyẹn.

Ní ti Táíwò, tí wọ́n bá bi Kẹ́hìndé ní nǹkan, ẹ ní kó fún un láyè. Kẹ́ ẹ̀yin náà ka 1 dé 5 nínú ọkàn yín kẹ́ ẹ tó tún sọ̀rọ̀.

Ẹ béèrè SENCO iléèwé yín, ìyẹn tíṣà tó ń bójú tó àwọn ọmọ tó nílò ìrànlọ́wọ́ àkànṣe. Iléèwé ìjọba gbogbogbòò ní England gbọ́dọ̀ ní ọ̀kan. Oṣù àkọ́kọ́ ò ṣòro, tó bá tún ju oṣù kan lọ lẹ́yìn ìyẹn, tó sì ń sọ̀rọ̀ dáadáa nílé, ẹ dárúkọ selective mutism fún wọn, ìyẹn kí ọmọ tó ń sọ̀rọ̀ nílé má lè sọ̀rọ̀ níbòmíì, kí wọ́n darí yín sọ́dọ̀ speech therapist, oníṣègùn ọ̀rọ̀ sísọ.

Ìyá Ìbejì: Ẹ ṣé gan-an. Níbo ni mo ti fẹ́ rí ọpọ́n ayò níbí?

Ọmọ Lísàbi: Páálí ẹyin 12. Ihò rẹ̀ pé géérégé. Ẹ fi ẹ̀wà ṣe ọmọ ayò.