Ọwọ́ àti ẹ̀yìn ń dùn mí nídìí ìkòkò, báwo lẹ ṣe ń pín iṣẹ́ yín?

AmọKétu: Ẹ kú iṣẹ́ o. Kétu ni mo wà, ẹ̀rọ oníná tó ń yí amọ̀ ni mo fi ń mọ abọ́. Ilé oúnjẹ kan ní Kùtọ̀nú ní kí n mọ abọ́ rẹpẹtẹ fáwọn, ni mo bá ń jókòó tì í láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, ní báyìí ìdí àtàǹpàkò ọ̀tún ń ro mí, ṣíṣí ìdérí ìgò gan-an ti di wàhálà, ẹ̀yìn ò sì ṣe é nà. Wọ́n ti san àsansílẹ̀, mi ò lè pa á tì. Kí ni kí n ṣe?

Ará_Àjàṣẹ́: Pẹ̀lẹ́ àbúrò. Ojú kan tí o jókòó sí yẹn ló ń bá ẹ jà o, kì í ṣe pípọ̀ iṣẹ́. Èmi o, àwọn abọ́ ńlá ni mo máa fi ń bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ tí ara ṣì le, torí kí amọ̀ ńlá tó dúró sáàárín ẹ̀rọ ló ń gba agbára jù, kékeré á tẹ̀ lé e, tó bá di ọ̀sán mi ò mọ nǹkan kan mọ́, mò ń ha ìdí abọ́ àná tàbí kí n máa fi ọwọ́ sí ife. Pẹpẹ tí mò ń tò ó sí, mo mọ̀ọ́mọ̀ gbé e jìnnà ni, kí n lè máa dìde. Dígí náà wà níwájú mi, mò ń rí ẹ̀gbẹ́ abọ́ láì dorí kodò. Amọ̀ tìẹ ńkọ́, ṣé kò le jù? Fi omi sí i kó rọ̀, amọ̀ líle ló ń pa àtàǹpàkò. Tábìlì tí o fi ń po ó, kò gbọdọ̀ ga, kó o lè fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́, kì í ṣe ọrùn ọwọ́ nìkan.

ỌmọṢábẹ: Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ẹ̀rọ 😂 Màmá wa ní Ṣábẹ, ìkòkò ló ń dúró, àwọn ló ń bẹ̀rẹ̀ fẹ̀yìn rìn yí i ká, ìbàdí ló ń dùn wọ́n ní tiwọn. Àmọ́ wọn kì í mọ ìkòkò kan tán lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n á mọ ìdí, wọ́n á jẹ́ kó gan díẹ̀, wọ́n á lọ gún amọ̀ tàbí ṣẹ́ igi, kí wọ́n tó padà wá mọ ọrùn rẹ̀. Ọyẹ́ ló ń jẹ́ kéèyàn máa sáré, torí kíá ni abọ́ ń gbẹ. Fi ọ̀rá bò ó, kó o lọ nà gbalaja.

AmọKétu: Ẹ ṣé gan-an. Ìyá àgbà ní kí n máa fi òrí àti omi gbígbóná ra á, ṣó tó?

Nọ́ọ̀sì_ìlú: Òrí dáa, ó ń mú ara rọ̀, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ iṣan ìdí àtàǹpàkò ló wú, kò ní lọ tí ẹ bá ṣì ń fi tẹ amọ̀ lójoojúmọ́. Ẹ di ọwọ́ yẹn kó sinmi. Tí ìka bá ń kú tipiri lóru, ẹ má ra á mọ́, dókítà ni kẹ́ ẹ lọ bá. Ẹ má sì gbá ilẹ̀ ibẹ̀ ní gbígbẹ, aṣọ tútù ni kẹ́ ẹ fi nù ún, eruku amọ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Ẹ pe oníbàárà yín lónìí, ẹ ní ìdajì lẹ máa kọ́kọ́ kó wá.