Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: bọ̀ọ̀dá mi ń fi ètò kan tó ń jẹ́ TQVault ṣẹ̀dá ohun ìjà nínú géèmù Titan Quest, a sì jọ ń gbá géèmù ọ̀hún ni

Ọmọ Under G
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ yìí lè dà bí ọ̀rọ̀ ọmọdé létí ẹlòmíì àmọ́ ó ti ń jẹ mí lọ́kàn. Èmi àti bọ̀ọ̀dá mi kan, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, la jọ ń gbá Titan Quest, géèmù kọ̀ǹpútà tí akọni ẹni ti ń pa ọ̀tá tó sì ń he ohun ìjà, Anniversary Edition tó jáde ní 2016 yẹn, torí òun ni láptọ́ọ̀pù mi lè gbé láì máa mí hẹlẹhẹlẹ. Wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù ní Takie níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́, tí wọ́n bá ti tì í lálẹ́ Sátidé wọ́n á gba ọ̀dọ̀ mi wá ní Under G, a ó tan hotspot fóònù, a ó fi LAN so láptọ́ọ̀pù méjèèjì pọ̀, dátà ò lọ, àfi tí àwọn oníná bá mú iná wọn lọ ni ká tó dìde.

Ìpele mẹ́ta ló ní, a ti parí Normal, a parí Epic, Legendary tó le jù la wà báyìí, ibẹ̀ sì le bí ojú ẹja. Brigand ni irú akọni tèmi, ọfà ni mò ń ta. Gbogbo ohun tó wà lára mi ni mo fọwọ́ ara mi wá, aláwọ̀ ewé ló pọ̀ jù, búlúù díẹ̀, elésè àlùkò tó ṣọ̀wọ́n jù kan péré, mo sì mọ ibi tí mo ti rí ìkọ̀ọ̀kan wọn.

Ni bọ̀ọ̀dá mi bá dé lọ́jọ́ kan, elésè àlùkò látorí dé ẹsẹ̀, sẹ́ẹ̀tì pípé! Mo ní ẹ kú oríire, wọ́n ní ọwọ́ Typhon, ọ̀gá ọ̀tá kan nínú géèmù yẹn, ni wọ́n ti gbà á. Kò burú. Afi bí wọ́n ṣe ní kí n bá wọn to àpótí wọn tí mo rí òrùka méjì, orúkọ kan náà. Orúkọ lè bára mu o, àmọ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ géèmù yìí ẹ mọ̀ pé nọ́ńbà ara wọn kì í sábà bára mu, èyí á fi díẹ̀ ju ìyẹn lọ níbì kan. Ti àwọn méjì yìí bára mu láti òkè dé ìsàlẹ̀, títí kan èyí tó kéré jù. Mo gbójú sókè, TQVault rèé lórí desktop, ètò tí wọ́n fi ń kó ohun inú géèmù yìí pamọ́, tó sì lè ṣe ẹ̀dà wọn.

Mo bi wọ́n, wọn ò tiẹ̀ jiyàn, ẹ̀rín ni wọ́n ń rín, wọ́n ní "ìwọ náà ń yọ ara ẹ lẹ́nu, gbé fáìlì ẹ wá kí n kó èyí tó o bá fẹ́ sí i". Látìgbà yẹn kí n tó fa ọrun wọ́n ti pa gbogbo ẹranko tán, iṣẹ́ mi ò ju kí n máa tẹ̀lé wọn ṣa nǹkan nílẹ̀. Ṣé kí n gbà kí wọ́n kó o sí i fún èmi náà ni? Tí mi ò bá sì gbà, báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́ fún wọn tí ò ní dà bíi pé mò ń pe ẹ̀gbọ́n mi ní olójóró?

Alábẹ́rẹ́ Sábo
Gbà á jàre! Offline ni, inú yàrá ẹ ni, ta lo jà lólè? Ẹni tó ṣe géèmù ọ̀hún ti gbowó ẹ̀, ohun tó o bá fi ṣe lórí láptọ́ọ̀pù ara ẹ kò kan ẹnì kan.

Tísà Ọ̀yọ́
Èmi ò ní fara mọ́ ìyẹn o. Kékeré ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀. Òní TQVault, ọ̀la expo nínú yàrá ìdánwò, ọ̀tunla ẹ ó máa gbọ́ pé ó ti di ọmọ yahoo. Àwọn ọmọ òde òní ò fẹ́ ṣiṣẹ́ kankan mọ́, ohun tó yá ni gbogbo wọn fẹ́.

Àǹtí Adénìkẹ́
Tísà ẹ rọra o 😂 kí ló kan yahoo níbí? Ọmọ yìí ló wá sọ pé òun fẹ́ fọwọ́ òun wá a, ẹ tún ń bá a wí. Owó ta ni bọ̀ọ̀dá yẹn gbé? Wọ́n tan ọmọ àbúrò bàbá wọn jẹ nípa Typhon, ìyẹn nìkan ni mo rí níbẹ̀, torí tó bá dá wọn lójú pé kò sí láìfí kí ló dé tí wọ́n kọ́kọ́ pa irọ́?

Ìyá Ìbejì
Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú o, àwọn tó ń gbá a yìí, ṣé wọ́n ń rówó níbẹ̀?

Ọmọ Under G
Ẹ kú ilé o mà. Rárá mà, iná mànàmáná ló ń jẹ 😅

Bàbá Géèmù
Àbúrò, mo ti ń gbá irú géèmù báyìí láti ìgbà tó jẹ́ pé inú káfè la ti ń gbá a, jẹ́ kí n bá ẹ sọ ọ́ bí mo ṣe mọ̀ ọ́n. Ọ̀rọ̀ yìí ò tuntun rárá. Nígbà tí Diablo II, géèmù irú ẹ̀ tí ilé iṣẹ́ Blizzard ṣe, jáde ní 2000, ọ̀nà méjì ni wọ́n pín in sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Èyí tí wọ́n ń pè ní Open, orí kọ̀ǹpútà oníkálukú ni fáìlì akọni rẹ̀ wà, ojú ẹsẹ̀ tí àwọn Hero Editor, ètò tí wọ́n fi ń yí fáìlì akọni padà, dé báyìí gbogbo ibẹ̀ dàrú, ẹni tó o bá pàdé ló ní ohun tí kò ṣeé ní, kò wá sí ohun tó ń ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu mọ́. Èyí tí wọ́n ń pè ní Closed, orí sáfà Blizzard ni fáìlì wà, ibẹ̀ ni òrùka Stone of Jordan ti dohun tí wọ́n fi ń ná bí owó, torí àwọn èèyàn gbà pé ó ṣòro rí (wọ́n padà ń ṣe ẹ̀dà òun náà ṣá, ọmọ aráyé!). Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé géèmù bíi Path of Exile, orí sáfà wọn ni gbogbo nǹkan wà láti ìbẹ̀rẹ̀, kò sí fáìlì tó o fẹ́ ṣí.

Àwọn tó ń ṣe é gan-an ti kọ́gbọ́n nínú ẹ̀. Diablo III ní 2012 ṣí ọjà sínú géèmù, o lè fi owó gidi ra idà. Òjóró kọ́ nìyẹn, àwọn olówó géèmù fúnra wọn ló gbé e kalẹ̀, síbẹ̀ nígbà tó di March 2014 wọ́n tì í pa, wọ́n ní ó ń ba ohun tí géèmù náà wà fún jẹ́, ìyẹn kéèyàn pa ẹranko kó sì rí nǹkan he. Ẹni tó bá ti lè rà á lọ́jà, kí ló tún fẹ́ máa pa ẹranko fún?

Titan Quest wá le jù lọ lórí èyí lójú tèmi, torí ohun tó o bá rí lọ́wọ́ ọ̀tá náà ló máa jábọ́. O ń bọ̀ lókèèrè, o rí àwọn ẹlẹ́sẹ̀ ewúrẹ́ bíi márùn-ún, ọ̀kan nínú wọn gbé ọ̀kọ̀ kan tó ń kọ mànà lọ́wọ́, o ti mọ̀ pé ọ̀kọ̀ yẹn di tìẹ tó o bá lè pa á, ojú ẹ ò ní kúrò lára ẹ̀ mọ́, àwọn mẹ́rin tó kù lè máa lù ẹ́ nídìí. Ẹni tó ti ní ọ̀kọ̀ tó dáa ju ìyẹn lọ nínú TQVault ò ní wo ọwọ́ ẹnikẹ́ni, á kàn máa kọjá lọ ni. Bí ẹni tó ń ta ayò tó wá bu ọmọ ayò láti ilé sínú àpò, tó ń rọra jù ú sójú ọpọ́n tiẹ̀: á pa ẹ́ láyò o, àmọ́ kí lẹ jọ ń ta?

Ohun kan ni mo fẹ́ kó o fọkàn sí ṣá. Má pe TQVault ní ohun búburú. Àpótí ni wọ́n torí ẹ̀ ṣe é, nítorí pé àyè inú géèmù yẹn ò tó nǹkan kan fún ẹni tó ń kó sẹ́ẹ̀tì jọ. Èmi náà ń lò ó, ohun tí mo bá he ni mò ń kó sí i. Ibi tó ti ń ṣe ẹ̀dà nǹkan, tó ń parí relic (ohun agbára tí wọ́n ń he ní ẹ̀là ẹ̀là) tó ò tíì rí gbogbo ẹ̀là ẹ̀, ìyẹn lọ̀tọ̀.

Káfíńtà Òkè-Ẹlẹ́rín
Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín látàárọ̀, ẹ jẹ́ kí n gbẹnu sọ fún bọ̀ọ̀dá yìí torí èmi náà ni wọ́n. Aago mẹ́fà àárọ̀ ni mò ń jáde, ìgbà tí mo bá wọlé ọmọ ń sunkún, ìyàwó ń bi mí léèrè owó gáàsì, àyè tí mo ní fún géèmù lọ́sẹ̀ kò ju kí ẹ jẹ ẹ̀bà kẹ́ ẹ fọwọ́ nù. Ẹ ní kí n lọ máa pa ọ̀gá ọ̀tá kan náà, kí n jáde, kí n tún wọlé, kó tún jí, kí n tún pa á, títí di ìgbà wo? Akẹ́kọ̀ọ́ lọmọ yìí, ó ráyè. Fún èmi, kí n rí ìtàn géèmù náà débi tó parí sí ló ṣe pàtàkì, mi ò níṣẹ́ méjì. Mo fi ẹ́dítọ̀ kó ìhámọ́ra wọ akọni mi nínú Grim Dawn, géèmù míì tó jọ èyí, mo sì gbádùn ẹ̀ dópin. Àmọ́ èmi nìkan ni mò ń gbá a o. Tí ẹlòmíì bá ti wà níbẹ̀, màá kọ́kọ́ bi í.

Àǹtí Adénìkẹ́
@Káfíńtà ẹ ṣeun. "Màá kọ́kọ́ bi í" yẹn ni mò ń wá láti àárọ̀.

Bàbá Géèmù
@Káfíńtà mi ò lè bá yín jiyàn. Tó bá jẹ́ ẹ nìkan, kò séjọ́.

Tísà Ọ̀yọ́
Mo ṣì dúró lórí ọ̀rọ̀ mi.

Atúnláptọ́ọ̀pùṣe
Ẹ fi ti ìwà sílẹ̀ díẹ̀, ẹ jẹ́ ká sọ ti fáìlì. Ìdajì láptọ́ọ̀pù ọmọ géèmù tí wọ́n ń gbé wá sọ́dọ̀ mi, "trainer" àti "editor", àwọn ètò tí wọ́n fi ń ṣe òjóró, tí wọ́n gbà níbi tí wọn ò mọ̀ ló bà á jẹ́. O tẹ̀ ẹ́, antivirus ń pariwo, o pa antivirus, ó tán. TQVaultAE, ìyẹn TQVault ti Anniversary Edition, ní tiẹ̀, kóòdù rẹ̀ wà ní gbangba lórí GitHub, ìkànnì tí àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ń kó iṣẹ́ wọn sí, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti mú un, kì í ṣe inú flash ọ̀rẹ́ ọ̀rẹ́ yín. Ìkejì ẹ má ṣí i nígbà tí géèmù ṣì ń ṣiṣẹ́ o, méjèèjì lè jọ kọ̀wé sórí fáìlì kan náà, akọni tẹ́ ẹ ti fi oṣù tọ́ dàgbà á wá di ẹni tí kò ṣí mọ́. Ẹ kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà fódà yẹn síbòmíì kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun.

Ọmọ Caretaker
Ẹ tún bá mi kìlọ̀ fún bọ̀ọ̀dá yẹn pé kó má gbé àṣà yẹn lọ síbi tí ó ti ń gbá géèmù online. Lọ́dún 2022 tí géèmù Elden Ring jáde, pátá ló kó bá àwọn kan. Pátá o! Wọ́n ti yọ pátá yẹn kúrò nínú géèmù kó tó jáde, àwọn tó ń tú fáìlì ló lọ wú u síta tí wọ́n ń jù ú sílẹ̀ fún ẹni ẹlẹ́ni, ẹni tó he é láìmọ̀ọ́mọ̀ wọ́n tì í mọ́ta. Bí wọ́n ṣe ń fi òjóró wọn kó bá ẹni tí ò mọ ọwọ́ mọ ẹsẹ̀ nìyẹn.

Ìyá Ìbejì
Pátá bíi ti pátá? 😂😂 Ẹ̀yin ọmọ yìí ẹ ò níṣẹ́ ṣe.

Ọmọ Under G
😂 mà. Ẹ ṣé gbogbo yín. Bọ̀ọ̀dá Káfíńtà, ẹ jẹ́ kí n ronú o, torí òótọ́ ni, àwọn bọ̀ọ̀dá mi kì í ráyè, tí wọ́n bá dé lálẹ́ Sátidé mìíràn ó ti rẹ̀ wọ́n débi pé wọ́n ń tòògbé lórí Mouse. Mi ò rò ó síbẹ̀ tẹ́lẹ̀, mo rò pé wọ́n kàn fẹ́ jù mí lọ ni. Àmọ́ ẹ̀bùn yẹn, mi ò fẹ́ ẹ. Ọrun tó wà lọ́wọ́ mi yìí, aláwọ̀ ewé lásán ni, mo mọ orí ẹni tí mo ti gbà á. Báwo ni kí n wá ṣe gbé ọ̀rọ̀ yẹn kalẹ̀?

Àǹtí Adénìkẹ́
Má lọ bá wọn lójú ìjà, má sì sọ ọ́ níwájú ẹlòmíì. Má tiẹ̀ dárúkọ òjóró rárá. Lálẹ́ Sátidé tí wọ́n bá dé, kí wọn kú iṣẹ́, gbé oúnjẹ fún wọn kí wọ́n jẹun yó, kó o wá sọ pé "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú sí mi o, ó ń wù mí ká jọ bẹ̀rẹ̀ akọni tuntun, èmi àti ẹ̀yin, tó jẹ́ pé lálẹ́ Sátidé nìkan la ó máa fọwọ́ kàn án, ohun tá a bá jọ rí náà la ó máa pín wọ̀." Wọ́n á gbọ́ ohun tó ò sọ. Èyí tí wọ́n ti kó elésè àlùkò wọ̀, kí wọ́n máa fi gbá tiwọn nílé, kò kàn ẹ́.

Bàbá Géèmù
Àǹtí yìí ti parí ẹ̀. Mo fi kún un pé tó bá jẹ́ Sátidé nìkan lẹ ó máa fọwọ́ kan akọni yẹn, àìráyè bọ̀ọ̀dá ẹ ò ní jẹ́ nǹkankan mọ́, torí ibì kan náà lẹ ó jọ máa wà. Bọ̀ọ̀dá ẹ ni kó gba iwájú, nínú àwọn ẹ̀ka ọgbọ́n tí akọni ń yan méjì nínú wọn, fún wọn ní Warfare àti Defense, Conqueror nìyẹn, kò gba ọgbọ́n púpọ̀, ẹni tó ń tòògbé gan-an á yè é. Ìwọ má tún mú ọfà, mú Nature mọ́ nǹkan míì kó o lè máa wo wọ́n sàn lẹ́yìn. Relic tẹ́ ẹ bá rí, ẹ máa fi sí àpótí ẹnì kan kó má baà fọ́nká.

Káfíńtà Òkè-Ẹlẹ́rín
Ẹ jẹ́ kí Normal yára kọjá ṣá. Ibẹ̀ ló máa ń sú àgbàlagbà.

Atúnláptọ́ọ̀pùṣe
Kó o tó bẹ̀rẹ̀ tuntun: inú Documents, My Games, Titan Quest - Immortal Throne, SaveData, wàá rí fódà tó ń jẹ́ Main. Ṣe ẹ̀dà gbogbo ẹ̀ sórí flash. Ti bọ̀ọ̀dá ẹ, má fọwọ́ kàn án, àwọn fúnra wọn ni kó ṣe é.