Àwọn tó ń tún orin géèmù tò sínú àwo: ta ló ń fún wọn láṣẹ, ibo ni kí n sì ti bẹ̀rẹ̀?

ÀyìnláBeesi

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Gìtá beesi ni mò ń ta ní ṣọ́ọ̀ṣì wa n'Íbàdàn, ọ̀rọ̀ géèmù ò fi bẹ́ẹ̀ yé mi. Àbúrò mi tó wà ní Leeds ló fi líǹkì kan ránṣẹ́, ó ní kí n gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ta beesi níbẹ̀. Àwo náà ń jẹ́ Balance and Ruin, wọ́n ní orin inú géèmù Final Fantasy VI ni àwọn olólùfẹ́ géèmù náà kó jọ, tí wọ́n tún tò. Èmi rò pé bí orin mẹ́wàá ló máa wà níbẹ̀. Orin 74! Ọ̀fẹ́ ni gbogbo rẹ̀ sì jẹ́! Mo gbọ́ jáàsì, mo gbọ́ rọ́ọ̀kì, mo gbọ́ ohùn bíi ti òpérà, orí mi dàrú.

Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ń sanwó fún gbogbo èyí? Ṣé àwọn tó ni géèmù kì í pè wọ́n lẹ́jọ́ ni? Tí n bá sì fẹ́ gbọ́ irú ẹ̀ dáadáa, èwo ni kí n fi ṣáájú?

Nǹkan kan tún wà lọ́kàn mi. Géèmù kan ṣoṣo tí mo mọ̀ ní kékeré ni Contra, ti inú kásẹ́ẹ̀tì tí a máa ń fẹ́ atẹ́gùn sí nídìí kó tó gbé. Orin ibi àkọ́kọ́ yẹn, inú igbó, kò kúrò lórí mi títí dòní. Ó ń ṣe mí bíi kí n fi gìtá àti dùndún gbé e. Ṣé mi ò ní kó sí wàhálà?

ÌyáDùùrù

Àyìnlá, káàbọ̀. Ìdí la ti ń gun igi, ìwọ lọ bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹ̀ka.

Balance and Ruin dára, kò sẹ́ni tó máa bá ọ jiyàn. Ṣùgbọ́n àwo márùn-ún ni, ẹni tí kò bá sì mọ orin tí Nobuo Uematsu kọ fún géèmù náà ní 1994 kò ní mọ ohun tí wọ́n yí padà, kò ní mọ ohun tí wọ́n fi sílẹ̀. Ibẹ̀ sì ni adùn rẹ̀ wà. Kọ́kọ́ gbọ́ orin inú géèmù fúnra rẹ̀, gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì, kó o tó gbọ́ èyí tí wọ́n tún tò. Ẹ̀rọ Super Nintendo tí wọ́n ṣe é fún, kìlóbáìtì 64 péré ni àyè tó ní fún ìró, ohùn mẹ́jọ ló sì lè gbé pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Fọ́tò kan ṣoṣo lórí fóònù rẹ ju gbogbo ìyẹn lọ fíìfíì. Fèrè, fayolíìnì, ìlù, ẹgbẹ́ akọrin, gbogbo wọn ló ń du àyè bíńtín yẹn mọ́ra wọn lọ́wọ́. Torí náà, orin tó bá dùn níbẹ̀, orin fúnra rẹ̀ ló dùn, kì í ṣe ohun tí wọ́n fi ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́. Ìyẹn ló jẹ́ kó ṣe é tún tò sí jáàsì, sí rọ́ọ̀kì, sí ohunkóhun tó wù ọ́.

Ohun tí àwọn tí kì í gbá géèmù kì í kíyè sí ni pé orin géèmù kò ní òpin. Á lọ bí ìṣẹ́jú kan tàbí méjì, á tún padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀, torí ẹni tó ń gbá a lè dúró sójú kan títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ìwọ náà mọ̀ ọ́n: bá a ṣe máa ń yí ègbè kan ṣoṣo po nígbà tí wọ́n bá ń gba ọrẹ, tí kò sẹ́ni tó mọ ìgbà tí èrò máa tán lórí ìlà. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ ẹni tó ń tún un tò ni kó wá òpin fún un. Àìmọye ni mo ti gbọ́ tó dùn títí dé ìṣẹ́jú mẹ́ta, tí wọ́n wá rọra ń fa ohùn náà sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí tó fi parẹ́. Ọ̀lẹ ni wọ́n. Mi ò ní pẹ́ ẹ sọ.

Ó yá, ọ̀rọ̀ lórí ibi tí wàá ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni David Lloyd, tí wọ́n ń pè ní djpretzel, dá OverClocked ReMix sílẹ̀ l'Amẹ́ríkà ní 1999, ìkànnì orin géèmù tí Balance and Ruin tìrẹ yẹn ti jáde. Orin kọ̀ọ̀kan ni wọ́n kọ́kọ́ ń gbé síbẹ̀, àwọn adájọ́ sì wà tó ń yẹ̀ ẹ́ wò. Tí tìẹ bá jọ ti inú géèmù jù, wọ́n á dá a padà. Tó bá tún jìnnà sí i débi pé ẹni tó gbá géèmù náà kò lè dá a mọ̀, wọ́n á dá ìyẹn náà padà. Larry Oji, tí wọ́n ń pè ní Liontamer, tó ti pẹ́ nípò olórí àwọn adájọ́ náà, máa ń ṣọ́ aago sí i ni: láti ìṣẹ́jú àáyá báyìí dé báyìí, orin géèmù wà níbẹ̀, láti ibí dé ibí, kò sí níbẹ̀. Kó tó ìdajì ni wọ́n ń wá. Àwọn kan ní ìyẹn ti le jù. Lójú tèmi, òun ni kò jẹ́ kí ibẹ̀ di ọjà tí oníkálùkù ti ń kó tọwọ́ rẹ̀ wá.

Àwo wọn àkọ́kọ́ ni Relics of the Chozo, orin Super Metroid, 2003. Tí o bá kánjú, fò ó. Kong in Concert ni kó o mú, 2004, orin Donkey Kong Country. David Wise ló kọ èyí tó pọ̀ jù nínú orin géèmù yẹn nígbà tó wà ní Rare, ilé-iṣẹ́ tó ṣe géèmù náà, ní England níbí. Orin kan wà níbẹ̀, Aquatic Ambience, ti abẹ́ omi. Gbọ́ ọ nínú géèmù, kó o tó gbọ́ ohun tí àwọn ọmọ yìí fi ṣe. Lẹ́yìn ìyẹn, Serious Monkey Business, 2010, ti Donkey Kong Country 2. Níbẹ̀, David Wise fúnra rẹ̀ wá bá wọn tún orin ara rẹ̀ tò, òun pẹ̀lú Grant Kirkhope àti Robin Beanland tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ní Rare. Ẹni tí wọ́n ń yẹ́ sí wá bá wọn jókòó sídìí ayẹyẹ náà. Tó o bá ti gbọ́ méjèèjì, kó o bọ́ sí Voices of the Lifestream, 2007, Final Fantasy VII, àwo mẹ́rin. Ìgbà náà ni kó o tó padà sí 74 rẹ.

Ọ̀rọ̀ owó: kò sẹ́ni tó ń san án fún wọn. Ti Final Fantasy VI yẹn, Andrew Aversa tí wọ́n ń pè ní zircon ló darí rẹ̀. Ní 2012 wọ́n ní kí àwọn èèyàn dáwó lórí Kickstarter kí wọ́n lè tẹ àwo náà sórí CD. Ọ̀rọ̀ dé etí Square Enix, ilé-iṣẹ́ tó ni géèmù náà, wọ́n gbé ìdáwó náà kúrò. Ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé ó ti tán nìyẹn. Ṣùgbọ́n wọ́n jọ sọ̀rọ̀, wọ́n fẹnu kò, wọ́n tún gbé e padà, àwọn èèyàn sì dá ohun tó lé ní 150,000 dọ́là. Owó CD lówó yẹn. Orin fúnra rẹ̀ jáde lọ́fẹ̀ẹ́ ní 2013, ọ̀fẹ́ náà ló sì wà títí dòní.

Ìwọ ń wo àwọn olórin. Olùdarí ni kó o wò. Èmi náà ti dá sí irú àwo bẹ́ẹ̀, ti géèmù kékeré kan. Olùdarí to orúkọ gbogbo orin géèmù sílẹ̀, kálukú wá ń mú. Orin ọ̀gá tí wọ́n ń bá jà níkẹyìn kò dúró di alẹ́, orin inú ilé ìtajà ló kàn mí. Orin ẹ̀rín ni, pìtì-pìtì-pìtì. Mo sọ ọ́ di dùùrù jẹ́jẹ́. Mo fi ránṣẹ́, ó dá a padà, ó ní báà mẹ́jọ tó kẹ́yìn nìkan ni kí n tún ṣe: orin tó tẹ̀ lé tèmi bẹ̀rẹ̀ ní kíì E minor, kí n gbé òpin tèmi lọ sórí B, kó dá ọ̀rọ̀ náà sẹ́nu síbẹ̀ kí ẹni tó kàn bá a sọ ọ́ parí. Ẹni tó ń gbọ́ kò ní mọ̀ pé obìnrin kan ní Manchester àti ọkùnrin kan tí kò mọ̀ rí ló ṣe méjèèjì. Níbi tí irú olùdarí bẹ́ẹ̀ kò bá sí, ẹrù orin lásán ni wọ́n dì fún ọ.

Dàmọ́lá_T

Àǹtí, ẹ kú àlàyé, àmọ́ Amẹ́ríkà nìkan lẹ ń sọ bí ẹni pé ibẹ̀ ni wọ́n ti dá a sílẹ̀. Japan ńkọ́?

Àyìnlá, wá orin Touhou. Ọkùnrin kan ṣoṣo tó ń pe ara rẹ̀ ní ZUN ló ń ṣe géèmù náà, òun ló ń ya àwòrán, òun ló ń kọ orin. Ó sì gbà kí àwọn olólùfẹ́ tún orin rẹ̀ tò, kí wọ́n tà á pàápàá, níwọ̀n ìgbà tí wọ́n bá pa òfin tó là sílẹ̀ mọ́. Àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké máa ń tẹ CD tiwọn, wọ́n á gbé e lọ sí Comiket, ọjà ńlá àwọn olólùfẹ́ ní Tokyo, nígbà ooru àti nígbà òtútù, wọ́n á pàtẹ rẹ̀ sórí tábìlì. Ọjà tó jẹ́ ti Touhou nìkan náà wà, Reitaisai, láti 2004. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀kan: Bad Apple!!. Orin kékeré kan ni nínú géèmù 1998 tí wọ́n ṣe fún kọ̀ǹpútà PC-98. Ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ yẹn, Alstroemeria Records, tún un tò ní 2007, nomico sì kọ ọ́ lórin. Nígbà tó di 2009, àwọn kan fi òjìji dúdú àti funfun ṣe fídíò sí i, ayé gbà á. Títí dòní, tí àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà bá rí ohun tó ní ojú tó ń tàn, fídíò yẹn ni wọ́n máa ń gbé sí i, ì báà jẹ́ ẹ̀rọ ìṣirò.

Ẹ má sì gbàgbé 8-Bit Big Band ti New York. Wọ́n fi báńdì ńlá gbé Meta Knight's Revenge, orin Kirby, wọ́n sì gba Grammy ní 2022 fún bí wọ́n ṣe tò ó.

ÌyáDùùrù

Dàmọ́lá, mo gbà fún ọ lórí ti Japan. Bad Apple yẹn ló ti sú mi.

ỌmọÀkúrẹ́_Atlanta

Ẹ jẹ́ kí n bọ́ sórí ọ̀rọ̀ ẹjọ́, torí ibi iṣẹ́ tí wọ́n ti ń bá àwọn olórin gba àṣẹ ni mo wà.

L'Amẹ́ríkà, tí orin kan bá ti jáde fún aráyé lórí àwo, òfin gbà kí ẹlòmíì tún un gbé, kó sì tà á, láìjẹ́ pé ó bẹ ẹni tó ni ín, níwọ̀n ìgbà tó bá fi ìwé sọ fún un, tó sì san owó tí òfin là sílẹ̀. Ó pẹ́ tí owó yẹn fi wà ní sẹ́ǹtì 9.1 lórí ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan. Ní 2023 ó di sẹ́ǹtì 12 fún orin tí kò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Ta ọgọ́rùn-ún ẹ̀dà ní 2023, dọ́là 12 lo jẹ wọ́n. Ọ̀nà àṣẹ ni Materia Collective, ẹgbẹ́ míì tó ń tún orin géèmù tò, gbà ní 2015 nígbà tí wọ́n gbé àwo Final Fantasy VII tiwọn jáde fún títà.

Ṣùgbọ́n ó ní ibi tí àṣẹ yẹn mọ. O lè tò ó bó ṣe bá ọ lára mu, o kò gbọ́dọ̀ yí egungun orin náà padà, o kò sì gbọ́dọ̀ fi ọ̀rọ̀ orin tìrẹ sí i. Kò kan fídíò rárá: tó o bá gbé e sí YouTube, ọ̀rọ̀ míì nìyẹn. Kò sì kọjá Amẹ́ríkà. Nàìjíríà ní òfin tirẹ̀, ti 2022. Má gé ìró kankan látinú kásẹ́ẹ̀tì, torí ìró tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀. Fi ọwọ́ ara rẹ ta gìtá náà.

Ọ̀fẹ́ náà kò ní kí òfin má rí ọ o. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ló kàn ń wò wọ́n níran, torí olólùfẹ́ ni wọ́n, wọ́n sì ń bá wọn polówó. Ọjọ́ tí owó bá wọ̀ ọ́ ni ojú máa ń là, bí Ìyá ṣe sọ lórí Kickstarter yẹn.

ÀyìnláBeesi

Ẹ ṣeun gan-an ni. Mo ti gbọ́ Kong in Concert dé ìdajì, mo sì gbọ́ orin abẹ́ omi yẹn bí ẹ ṣe ní kí n gbọ́ ọ. Ọwọ́ mi ti ń yún mi. Màmá, ti Contra yẹn, ṣé dùndún ló máa kọ orin náà ni, àbí gìtá?

ÌyáDùùrù

Gìtá ni. Má gbé dùndún síwájú torí kí wọ́n lè mọ̀ pé Yorùbá ni ọ́.

Wo bí Nintendo àtijọ́ yẹn ṣe ń ṣe é. Ohùn márùn-ún ló ní. Méjì ló ń gbé orin, ìyẹn ni kó o fún gìtá àti kíbọ́ọ̀dù. Ìkẹta ló ń ṣe beesi, kò sì ní ibi tí wọ́n ti ń yí ohùn rẹ̀ sókè sódò: yálà kó dún tàbí kó dákẹ́. Ìdí nìyẹn tí beesi inú géèmù ìgbà náà fi ń rìn gbọnmọgbọnmọ bẹ́ẹ̀, ìdákẹ́ nìkan ni wọ́n lè fi ṣe ẹwà. Ìwọ ń ta beesi tó lè kígbe, tó sì lè sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Má ṣe é bíi tiwọn, ṣùgbọ́n má kún àyè tí wọ́n fi sílẹ̀. Ìkẹrin jẹ́ ariwo ṣàà-ṣàà-ṣàà tí wọ́n fi ń ṣe ìlù. Gúdúgúdú ni kó o gbé ìyẹn fún. Ohùn karùn-ún, ìró kéékèèké tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ ló ń gbé, gbàgbé rẹ̀. Ìyá ìlù kàn máa dá gìtá lóhùn níbi tí orin bá ti mí ni, ibẹ̀ kò pọ̀, á sì dùn torí pé kò pọ̀.

Gba ìlù sílẹ̀ lọ́tọ̀, gìtá lọ́tọ̀, kí ohùn kan má wọnú ẹ̀rọ ẹlòmíì. Tó o bá ṣetán, fáìlì WAV ni kó o fi ránṣẹ́ sí mi. Má fi ohùn WhatsApp ránṣẹ́, mi ò ní ṣí i.