RTX 3080 àlòkù tàbí RTX 4060 Ti tuntun: èwo ni kí n rà fún géèmù ní 1440p?

Ayò-Dalẹ́ béèrè pé:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà tí ẹ mọ tinú-tòde kọ̀ǹpútà. Mo fẹ́ pààrọ̀ káàdì gíráfíìsì inú kọ̀ǹpútà mi, ọkàn mi sì pín sí méjì. Ẹnìkan tí mo mọ̀ fẹ́ ta RTX 3080 rẹ̀ fún mi, èyí tí mẹ́mọ́rì rẹ̀ jẹ́ 10 GB, tí NVIDIA gbé jáde ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2020. Iye tí ó ń pè é kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí iye tí wọ́n ń ta RTX 4060 Ti tuntun inú páálí, oní 8 GB, tí ó jáde ní oṣù karùn-ún ọdún 2023.

Àwọn ọ̀rẹ́ mi ń sọ pé n kò gbọdọ̀ ra àlòkù nígbà tí tuntun wà nílẹ̀, pé 40 ti ju 30 lọ, ọ̀rọ̀ parí. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wo fídíò àwọn tí wọ́n gbé káàdì méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, mo rí i pé 3080 ni ó ń ṣáájú nínú ọ̀pọ̀ géèmù, ìyẹn gan-an ni ó sì dà mí lọ́kàn rú.

Ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà mi nìwọ̀nyí: Ryzen 5 5600, mọ́dábọ́ọ̀dù B450, RAM 16 GB, páwà sọ́pláì 650 wáàtì, àti mọ́nítọ̀ 1440p tí ó ń lọ dé 165 Hz. Cyberpunk 2077 àti àwọn géèmù ńláńlá bẹ́ẹ̀ ni mo máa ń gbá jù. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ẹ rí sí i?

Baba Wáyà dáhùn pé:

Àbúrò mi, orúkọ tí wọ́n fún àwọn káàdì yìí ni ó ń rú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ lójú, nítorí náà jẹ́ ká ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Nọ́ńbà méjì àkọ́kọ́ ń sọ ìran tí káàdì ti wá, nígbà tí méjì ìkẹyìn ń sọ ipò tí ó wà láàárín àwọn tí wọ́n jọ jáde. 3080 wà lára àwọn ọ̀gá nínú ìran tirẹ̀, 4060 Ti sì jẹ́ ará àárín nínú ìran tó tẹ̀ lé e. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ará àárín ìran tuntun máa ń lé ọ̀gá ìran tó kọjá bá, ní ti méjì yìí kò sì lé e bá. Bí o bá ń gbá géèmù ní 1440p, tí o kò tan ray tracing (ọ̀nà ìyàwòrán tó ń ṣírò bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń tàn), tí o kò sì lo DLSS (tó ń ya àwòrán kékeré kí ó tó mú un tóbi), iye fírémù, ìyẹn àwòrán kọ̀ọ̀kan, tí 3080 ń gbé jáde ní ìṣẹ́jú àáyá kan sábà máa ń fi ohun tó ju ìdá kan nínú márùn-ún lọ ju ti 4060 Ti.

Ibi tí ìyàtọ̀ yìí ti wá hàn kedere bí a bá wo mẹ́mọ́rì wọn. Ọ̀nà tí 3080 ń gbà bá mẹ́mọ́rì rẹ̀ sọ̀rọ̀ fẹ̀ tó 320 bit, ó sì lè kó 760 GB kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nígbà tí ti 4060 Ti jẹ́ 128 bit, tí kò lè kó ju 288 GB lọ. NVIDIA mọ̀ pé ọ̀nà yìí tóóró, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fi cache L2 (mẹ́mọ́rì kékeré tó yára, tó wà nínú ṣíìpù fúnra rẹ̀) tó tó 32 MB sínú 4060 Ti, ní ìfiwéra pẹ̀lú 5 MB tí ó wà nínú 3080. Cache náà ń ṣiṣẹ́ gidi ní 1080p, nítorí pé inú rẹ̀ ni káàdì ti máa ń bá púpọ̀ nínú ohun tí ó ń wá láìdé inú mẹ́mọ́rì rárá. Ṣùgbọ́n àwòrán 1080p kan kò ju píksẹ́lì mílíọ̀nù 2.1 lọ, ti 1440p sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù 3.7. Bí àwòrán bá ṣe ń tóbi sí i ni ohun tí cache lè gbà sínú ń kéré sí ohun tí káàdì nílò, tí káàdì á sì máa padà sọ́dọ̀ mẹ́mọ́rì léraléra ní ojú ọ̀nà tóóró yẹn. Mọ́nítọ̀ rẹ kì í ṣe 1080p, nítorí náà ìwọ náà á rí i.

Èyí tó tún wá ká mi lára jù lọ ni mọ́dábọ́ọ̀dù rẹ, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í bi ara wọn nípa rẹ̀ títí wọn ó fi sanwó tán. Ojú ọ̀nà mẹ́jọ péré ni 4060 Ti ń lò lórí PCIe, ìyẹn ọ̀nà tí káàdì ń gbà bá mọ́dábọ́ọ̀dù sọ̀rọ̀, àmọ́ 3080 ń lo mẹ́rìndínlógún. Lórí mọ́dábọ́ọ̀dù oní PCIe 4.0, mẹ́jọ náà tó, kò sí wàhálà. B450 tìrẹ kò kọjá PCIe 3.0, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Ryzen 5 5600 fúnra rẹ̀ lè ṣe 4.0. Ohun tí 4060 Ti á máa rí gbà níbẹ̀ kò ju nǹkan bí 8 GB lọ ní ìṣẹ́jú àáyá, nígbà tí 3080 á máa rí bí 16 GB. Nígbà tí gbogbo ohun tí géèmù nílò bá wà nínú mẹ́mọ́rì káàdì, o lè má mọ ìyàtọ̀ náà lára púpọ̀. Ọjọ́ tí géèmù bá bèèrè ju 8 GB lọ ni ọ̀ràn dé, nítorí káàdì á bẹ̀rẹ̀ sí í lọ bá RAM kọ̀ǹpútà yá àyè gba ojú ọ̀nà kan náà yẹn. Ohun tí wàá máa rí lójú mọ́nítọ̀ ni pé eré tí ó ń lọ geere á kàn dúró gbọn-ín fún ìgbà díẹ̀ bí o bá yí ojú padà ní kíákíá, tàbí kí ara ògiri àti aṣọ àwọn èèyàn inú géèmù máa rí bàìbàì kí wọ́n tó mọ́. Iye fírémù tí wọ́n pín dọ́gba tí wọ́n ń kọ sínú àtẹ kì í fi irú ìdádúró báyìí hàn dáadáa.

3080 ni kí o rà, bí káàdì tí ẹni náà ń tà bá ṣì ń ṣe dáadáa.

Ọ̀gbọ́n-Iná dáhùn pé:

Mo bọ̀wọ̀ fún ohun tí Baba Wáyà sọ, mo sì gbà á lórí ọ̀rọ̀ B450 yẹn. Síbẹ̀, ó yẹ kí Ayò-Dalẹ́ mọ ohun tí 3080 máa ń bèèrè kí ó tó gbé e wọlé. 320 wáàtì ni ó máa ń jẹ, 4060 Ti kò sì ju 160 wáàtì lọ, ìyẹn ìdajì gẹ́lẹ́. Gbogbo iná yẹn ni á padà di ooru nínú yàrá yín. NVIDIA fúnra wọn dá a lábàá pé kí páwà sọ́pláì ẹni tó ní 3080 jẹ́ 750 wáàtì, wọ́n sì ní 550 wáàtì tó fún 4060 Ti.

Ṣé 650 wáàtì yín lè gbé e? Bí ó bá jẹ́ ojúlówó, tí kò sì tíì gbó, ó ṣeé ṣe, nítorí pé Ryzen 5 5600 kò jẹ iná púpọ̀. Wàhálà ibẹ̀ ni pé 3080 máa ń fa iná tó ga ju 320 wáàtì lọ lójijì fún ìdá díẹ̀ nínú ìṣẹ́jú àáyá, páwà sọ́pláì tí kò lágbára á sì rò pé nǹkan ti bàjẹ́, á pa kọ̀ǹpútà lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ lo wáyà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún ojú iná kọ̀ọ̀kan tó wà lára káàdì náà, ẹ má ṣe fi ẹyọ wáyà kan tó pín sí orí méjì ṣe é. Lẹ́yìn náà, ẹ lo MSI Afterburner (ètò tí wọ́n fi ń tún bí káàdì ṣe ń ṣiṣẹ́ tò) láti dín fólítì rẹ̀ kù. Ọ̀pọ̀ 3080 ni ó máa ń gba nǹkan bí 1,800 MHz lórí 0.85 fólítì láìṣàìsàn, iná tí ó ń jẹ á wálẹ̀ púpọ̀, fírémù tí ẹ máa pàdánù kò sì ní tó ohun tí ojú lè rí. Èyí ni mo ka sí dandan fún ẹni tí páwà sọ́pláì rẹ̀ jẹ́ 650, kì í ṣe ohun tí a lè fi sílẹ̀ di ọjọ́ mìíràn.

Bí ẹ bá jẹ́ ẹni tó ń gba géèmù sílẹ̀ tàbí tó ń gbé e sáfẹ́fẹ́, 4060 Ti lè fi AV1 (ọ̀nà tuntun tí wọ́n ń gbà fún fídíò pọ̀ kí ó má gba àyè) ká fídíò, èyí tí àwòrán rẹ̀ máa ń mọ́ ju ti àtijọ́ lọ láìgba àyè púpọ̀. 3080 lè ṣí fídíò AV1 wò, kò lè ká a. Ẹ kò sọ pé ẹ ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, nítorí náà n kò ní fa ọ̀rọ̀ náà gùn.

Ayò-Dalẹ́ tún béèrè pé:

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin àgbà. N kì í gba géèmù sílẹ̀, mo kàn ń gbá a ni. Ohun kan ló kù tí kò yé mi. Wọ́n ní 4060 Ti ní Frame Generation, tí 3080 kò ní, mo sì rí i nínú fídíò kan pé ó gbé Cyberpunk 2077 kúrò ní fírémù 60 lọ sí ohun tó lé ní 90. Ṣé ìyẹn kò ti dí àlàfo tí Baba Wáyà sọ?

Fírémù-Tòótọ́ dáhùn pé:

Inú mi dùn pé ẹ béèrè èyí, nítorí òun ni wọ́n fi ń ta káàdì náà. Ohun tí Frame Generation ń ṣe ni pé káàdì á ya fírémù gidi méjì, á dá èkejì dúró díẹ̀, á wá fúnra rẹ̀ ro ọ̀kan tó yẹ kí ó wà láàárín wọn, á sì fi èyí hàn yín kí ó tó fi èkejì hàn. Ojú yín á rí i pé eré náà ń lọ geere sí i, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n fírémù tí káàdì rò yẹn kò mọ̀ pé ẹ tẹ bọ́tìnì, àti pé dídá tí ó dá fírémù gidi dúró ń fi kún àkókò tó wà láàárín ìgbà tí ọwọ́ yín tẹ nǹkan àti ìgbà tí ẹ rí i lójú mọ́nítọ̀. Bí fírémù gidi bá ti tó 60 tẹ́lẹ̀, ẹ ò ní kà á sí. Bí ó bá jẹ́ 30, wọ́n lè kọ 60 sí igun mọ́nítọ̀, ọwọ́ yín á ṣì máa wúwo bíi ti 30. Nítorí náà, ohun tó ń fi kún adùn káàdì tó ti yára tẹ́lẹ̀ ni, kò lè rọ́pò agbára tí káàdì kò ní. Ó sì tún ń jẹ nínú mẹ́mọ́rì, èyí tí 8 GB kò ní ní àjẹṣẹ́kù.

Ẹni tó ní 3080 kò sì wà lọ́wọ́ òfo. FSR 3 ti AMD, ilé-iṣẹ́ tó ń bá NVIDIA díje, ní irú nǹkan báyìí, ó ń ṣiṣẹ́ lórí káàdì NVIDIA ìran 30, Cyberpunk 2077 sì ti ní in láti ọdún 2024. DLSS tó ń mú kí àwòrán kékeré tóbi náà wà lórí 3080, títí kan irú rẹ̀ tuntun tó dára sí i tí wọ́n gbé jáde ní oṣù kìíní ọdún 2025 fún gbogbo káàdì RTX.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ ibi tí ọjọ́ orí káàdì ti máa ń di ọ̀ràn gan-an, kí ẹ má bàa rò pé àtijọ́ kì í pa ẹnikẹ́ni lára. Ẹ wo GTX 1080 Ti ti ọdún 2017. 11 GB ni mẹ́mọ́rì rẹ̀, ó sì ṣì lágbára nínú ọ̀pọ̀ géèmù, ṣùgbọ́n kò ní ẹ̀yà tó ń ṣe ray tracing, kò sì lè lo DLSS. Indiana Jones and the Great Circle, tó jáde ní oṣù kejìlá ọdún 2024, sọ ọ́ di dandan pé káàdì gbọ́dọ̀ ní ẹ̀yà ray tracing. NVIDIA sì ti fi tó gbogbo ayé létí pé oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni ìran 1080 Ti gba driver (ètò tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà lè lo káàdì) géèmù ìkẹyìn, àtúnṣe ààbò nìkan ló kù fún un. Bí ẹ bá bi mí bóyá kí ẹ ra 1080 Ti lónìí, mo máa ní rárá. 3080 kò tíì dé ibẹ̀. Gbogbo ẹ̀yà tí géèmù ìsinsìnyí ń sọ di dandan ló wà lára rẹ̀.

Baba Wáyà tún dáhùn pé:

Fírémù-Tòótọ́ ti sọ ọ́ bó ṣe rí. Ohun tó kù ni bí wàá ṣe yẹ àlòkù náà wò, àbúrò mi, nítorí èyí ni á sọ bóyá ìmọ̀ràn wa dára tàbí kò dára.

Kọ́kọ́ bi ẹni náà bóyá ó fi káàdì náà wa Ethereum rí, ìyẹn owó orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n máa ń fi káàdì ṣe ìṣirò tọ̀sán-tòru láti rí. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2022 tí Ethereum ti fi irú ìwakùsà bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, ọ̀pọ̀ 3080 ni wọ́n ti tà fún àwọn agbágéèmù. Iṣẹ́ náà nìkan kì í ba ṣíìpù jẹ́ bí wọn ò bá jẹ́ kí ó gbóná jù. Fáànù ni ó máa ń gbó, pẹ̀lú àwọn páàdì rírọ̀ tó ń gbé ooru kúrò lára mẹ́mọ́rì. Mẹ́mọ́rì GDDR6X tó wà lára 3080 ń gbóná ju ti àwọn mìíràn lọ, nítorí náà ibẹ̀ ni kí o fojú sí. Ní kí ó ṣí HWiNFO, ètò tó ń fi ìgbóná ẹ̀yà kọ̀ǹpútà hàn, lójú rẹ, kí ó gbá géèmù ńlá kan fún bíi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí o sì máa wo ibi tí wọ́n kọ Memory Junction Temperature sí. Bí ó bá dúró sí ìwọ̀n 90 sí 100 °C, kò burú. Bí ó bá ń gun 110, ibẹ̀ ni káàdì ti máa ń dẹ iṣẹ́ fúnra rẹ̀ kí ó má bàa jóná, ìyẹn sì túmọ̀ sí pé páàdì ti kú, ó sì yẹ kí owó wálẹ̀ tó iye tí ìwọ yóò fi pààrọ̀ wọn.

Fetí sí fáànù náà nígbà tí ó bá ń sáré tó ń rọlẹ̀, nítorí èyí tó ti fẹ́ bàjẹ́ á máa han. Wo ojú iná bóyá ike rẹ̀ ti dúdú tàbí ti yọ́. Wọn gígùn rẹ̀ mọ́ àpótí kọ̀ǹpútà rẹ pẹ̀lú, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wọn gùn tó 30 sẹ̀ǹtímítà. Bí ẹni náà kò bá jẹ́ kí o dán an wò báyìí lójú ara rẹ, fi káàdì rẹ̀ sílẹ̀ fún un, kí o lọ ra 4060 Ti. Bí ó bá wá rí bẹ́ẹ̀, tí agbára rẹ sì gbé e, 4060 Ti oní 16 GB tó jáde ní oṣù keje ọdún 2023 ni kí o wá. Kò yára ju oní 8 GB lọ, ṣùgbọ́n àyè tó wà nínú rẹ̀ á gbà ọ́ lọ́wọ́ ìdádúró gbọn-ín tí mo sọ yẹn lórí B450 rẹ.