ELISA ní "positive", OD 0.68: ṣé HIT ni lóòótọ́?

Ṣadé: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà yàrá àyẹ̀wò. Aláìsàn kan ṣe iṣẹ́ abẹ orúnkún, ó sì ń gba heparin (oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì) sábẹ́ awọ lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ láti ọjọ́ náà. Platelet rẹ̀ (èròjà ẹ̀jẹ̀ tó ń mú un dì) jẹ́ 248, ní ẹgbẹ̀rún nínú microlita kan, kó tó bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ keje ó ti já sí 109. HIT là ń fura sí, ìyẹn kí heparin mú ara ṣe antibody tó ń ta platelet jí, tí platelet á fi dín kù, tí ẹ̀jẹ̀ á sì máa dì. A ò rí ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti dì, ṣùgbọ́n ó ń gba oògùn apakòkòrò pẹ̀lú. ELISA (àyẹ̀wò tó ń wá antibody) fún PF4, èròjà platelet tí heparin ń lẹ̀ mọ́, gbé OD (bí àwọ̀ rẹ̀ ṣe ki tó) 0.68 jáde, ààlà wa jẹ́ 0.40, a sì kọ "positive". Dókítà kan ní ká dá heparin dúró. Èkejì ní ká fi enoxaparin, ọmọ ìyá heparin, rọ́pò rẹ̀, ká tún ELISA ṣe lọ́la. Ta ni ká gbọ́ tirẹ̀? Bí a bá fẹ́ àyẹ̀wò mìíràn, irú ẹ̀jẹ̀ wo la máa fi ránṣẹ́?

Kọ́lá: Ẹ wo síláìdì ná. EDTA, oògùn inú ìgò tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, máa ń mú platelet àwọn kan ṣù pọ̀, ẹ̀rọ á sì kà á kéré. Bí ẹ bá rí ìṣùpọ̀, ẹ gba ẹ̀jẹ̀ mìíràn sínú ìgò citrate (oògùn mìíràn tí kì í jẹ́ kó dì), ẹ tètè kà á, kí ẹ fi 1.1 sọ iye rẹ̀ di púpọ̀ torí omi citrate tó dà pọ̀ mọ́ ọn. Tí 109 ò bá yẹ̀, ọ̀rọ̀ wà nílẹ̀ nìyẹn.

Ìyá Tóbi: Ẹ ṣírò máàkì 4Ts, ìbéèrè mẹ́rin tó ń sọ bí HIT ṣe ṣeé ṣe tó, kí ẹ tó ka OD. Platelet já ju ìdajì lọ, kò sì wálẹ̀ tó 20: 2. Ọjọ́ karùn-ún sí ìkẹwàá ni HIT sábà máa ń yọjú: 2. Ẹ̀jẹ̀ kò dì: 0. Oògùn apakòkòrò náà lè fà á: 1. Ó jẹ́ 5 nínú 8, ipò àárín. Ká ní 3 ni tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀, à bá má ṣe ELISA rárá.

Ohun tí ELISA ń sọ ò ju pé antibody tó ń lẹ̀ mọ́ PF4 àti heparin wà níbẹ̀. Kò sọ bóyá ó lè ta platelet jí. Ọ̀pọ̀ ẹni tó gba heparin lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ló ní i tí nǹkan kan ò ṣe wọ́n. Láàárín 0.4 sí 1.0, díẹ̀ ni àyẹ̀wò kejì, èyí tó ń wò ó bóyá antibody náà ń ta platelet jí, ń jẹ́rìí sí. Tó bá ti kọjá 2.0, ọ̀pọ̀ jù lọ ló ń jẹ́ òótọ́. Ẹ jọ̀ọ́, "positive" lásán ò tó lórí ìwé èsì, ẹ kọ OD sí i, kí ẹ sì sọ bóyá IgG nìkan, irú antibody tó ń fa HIT, ni kit yín ń mú. Èyí tó ń mú àwọn irú antibody mìíràn, IgA àti IgM, mọ́ ọn máa ń kó aláìlẹ́ṣẹ̀ pọ̀ jù. Títún un ṣe lọ́la kò ní là wá lóye.

Wálé, apòògùn: Enoxaparin kẹ̀? Rárá o! Antibody yẹn mọ òun náà. Ẹ dá gbogbo heparin dúró lónìí, títí kan èyí tí wọ́n fi ń ṣan rọ́bà tí wọ́n ń gbà fa omi sí i lára, ẹ má dúró de yàrá àyẹ̀wò. Ìdádúró nìkan kò tó, torí dídì ni ẹ̀jẹ̀ ń dì nínú HIT. Argatroban, bivalirudin tàbí fondaparinux, àwọn oògùn adènà dídì ẹ̀jẹ̀ tí kì í ṣe heparin, ni kó bọ́ sí i. Ẹ̀dọ̀ ló ń kó argatroban jáde, kíndìnrín ló ń kó fondaparinux, nítorí náà ẹ wo èyí tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa nínú ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín rẹ̀ kí ẹ tó yàn. Ẹ má tíì fún un ní warfarin (oògùn oníhóró tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì) títí platelet á fi tó 150. Ẹ má sì fa platelet sí i lára bí kò bá ṣẹ̀jẹ̀. Ẹ ya àwòrán iṣan ẹsẹ̀ méjèèjì, ẹ̀jẹ̀ lè ti dì níbẹ̀ láìsí ìrora.

Ìyá Tóbi: Fún àyẹ̀wò kejì, SRA (tó ń wọn serotonin tí platelet tú sílẹ̀) tàbí HIPA (tó ń wò ó bóyá platelet ṣù pọ̀), serum ni, ìyẹn omi tó kù lẹ́yìn tí ẹ̀jẹ̀ bá dì, kì í ṣe EDTA. Ẹ gbà á sínú ìgò tí kò ní oògùn, kó dì dáadáa, ẹ fi ẹ̀rọ yí i kí serum yà sọ́tọ̀, ẹ sọ serum náà di yìnyín. Bí wọ́n bá fẹ́ fún un ní IVIG (antibody àwọn ẹlòmíràn tí wọ́n ń fà sí iṣan), ẹ gba ẹ̀jẹ̀ ṣáájú. Yàrá tó máa ṣe é á gbé serum sí ooru 56°C fún 30 ìṣẹ́jú, torí thrombin (èròjà tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì) tó kù nínú rẹ̀ lè ta platelet jí fúnra rẹ̀. Platelet tí wọ́n fọ̀, látara ẹni tí wọ́n mọ̀ pé tirẹ̀ ń dáhùn, ni wọ́n ń lò. Kí a tó pè é ní HIT nínú SRA, heparin kékeré, bíi 0.1 U/mL, gbọ́dọ̀ mú kí platelet tú serotonin, èròjà inú rẹ̀, 20% tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sílẹ̀. 100 U/mL gbọ́dọ̀ pa á mọ́lẹ̀. Tó bá ń tú jáde nínú méjèèjì, èsì náà kò ṣeé gbára lé fún HIT.

Ṣadé: Ẹ ṣeun, síláìdì mọ́, kò sí ìṣùpọ̀. A ní ẹ̀rọ latex, àyẹ̀wò kíá fún antibody yìí. Ṣé ó lè dípò SRA?

Kọ́lá: Kò lè dípò rẹ̀, antibody lòun náà ń wá. Ó dára fún yíyọ HIT kúrò. Ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú àìsàn tó jọ HIT tí a rí lẹ́yìn àjẹsára AstraZeneca ní 2021: irú àwọn ẹ̀rọ kíá wọ̀nyí sábà máa ń sọ pé kò sí, ELISA ló ń mú un.

Wálé, apòògùn: Bí argatroban lẹ bá yàn, ó ń gbé INR ga, ìyẹn ìwọ̀n bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń pẹ́ tó kó tó dì, tí a fi ń ṣọ́ warfarin. Tí warfarin bá ti wọlé pẹ̀lú rẹ̀, ẹ má rò pé warfarin nìkan ni INR yẹn ń sọ.