Ṣé eku kì í dínkù bí a bá ṣe ń gun òkè ni?

Ọmọ Ìdànrè: Ẹ kú ilé o. Èmi àti àbúrò mi lọ gun òkè Kilimanjaro ní Tànsáníà. A ò dé téńté. Orí fífọ́ ló lé mi padà. Ṣùgbọ́n eku ló ń dà mí láàmú. Ní Marangu, nísàlẹ̀ níbi tí oko kọfí àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wà, n kò rí ẹyọ kan. Ìgbà tí a dé Horombo, ibùdó tí àwọn agunkè ti ń sùn, tó ga tó 3,700 mítà, tí òtútù ń gé wa jẹ, ni eku onílà mẹ́rin lẹ́yìn yọ lábẹ́ ahéré onípákó, ó ń ṣa èérún búrẹ́dì lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàtà mi, lọ́sàn-án gangan! Kí ló ń jẹ lókè níbẹ̀?

Adẹ̀kúté: Àbúrò, ọ̀sán ni eku onílà yẹn máa ń jáde, ìyẹn lo fi rí i. Òru ni ọ̀pọ̀ àwọn yòókù ń rìn, o ti sùn nígbà náà. Tàkúté ló ń sọ òótọ́. Lọ́dún 2002, àwọn onímọ̀ dẹ tàkúté sí ẹ̀gbẹ́ kan òkè náà, láti 2,000 títí dé 4,000 mítà. Nǹkan bí 3,000 mítà, níbi tí igbó ti ń parí tí koríko àti igi kúkúrú ti ń bẹ̀rẹ̀, ni oríṣiríṣi eku àti asín pọ̀ sí jù. Ìkúùkù kì í wọ́n níbẹ̀, ilẹ̀ tutù, kòkòrò pọ̀, ẹran igbó àti ẹran pápá sì pàdé. Tó o bá ga ju ìyẹn lọ, omi ń dì lóru, oúnjẹ ń tán.

Asín kì í sábà kó sí tàkúté oúnjẹ o. Bọ́kẹ́ẹ̀tì la máa ń rì mọ́lẹ̀ tí a sì ta ọ̀rá bí ọgbà sí i, kó rìn títí kó já sínú rẹ̀. Mo ṣe é rí nígbà tí mo wà nílé ẹ̀kọ́: bí o kò bá jí yẹ̀ ẹ́ wò kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, ebi á ti pa á. Òórùn rẹ̀ ò sì kúrò lọ́wọ́ mi fún ọjọ́ méjì!

Ìyá Bọ́lá: Ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé, ẹ má gbàgbé àgbẹ̀. Wọ́n ti ro ìsàlẹ̀ yẹn tán. Igbó wo ni eku fẹ́ sá sí?

Adẹ̀kúté: Òótọ́ ni, màmá, ìyẹn náà wà níbẹ̀. Ooru ayé tó ń pọ̀ sí i náà ń lé ẹranko sókè láwọn ibòmíràn. Ní Yosemite, ọgbà ìpamọ́ ẹranko kan ní Kalifóníà, l'Amẹ́ríkà, àwọn onímọ̀ tún dẹ tàkúté síbi tí wọ́n ti dẹ ẹ́ ní 1914 sí 1920. Nínú irú ẹran kéékèèké 28, ìdajì ti sún sókè, nǹkan bí 500 mítà.

Ọmọ Ìdànrè: Ẹ ṣeun. Àbúrò mi ní òun ti mọ ohun tí ti Horombo ń jẹ: súwíìtì tó bọ́ sílẹ̀ lápò òun.